Omi Inú Pátákó Ivone

9 Ṣẹ́rẹ́
Ohun tí mo ti ná: ilé lẹbẹ tuntun kan fún pátákó Ivone, láti Mindelo, 3,200. Gọ́ọ̀mù fáíbà olówó ńlá, agolo kékeré méjì, 4,800. Aṣọ fáíbà, mítà kan, 900. Sáńpépà, 350. Bọ́ọ̀sì lọ sí Espargos àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, 400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9,650 ẹsikúdò. Ó kù lọ́wọ́ mi 6,150, oúnjẹ títí oṣù yìí yóò fi parí wà nínú rẹ̀.

Ìdajì garawa gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ ọkọ̀ àwọn apẹja wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò fún pátákó onígbòkun. Ó máa ń jẹ fóòmù inú rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Bí ó bá ṣeé lò ni, 4,800 ì bá ṣì wà lápò mi.

Ọjọ́ kejì ọdún ni ọmọ mi Ivone gbé pátákó tí ó fi ń gun ìgbì náà wálé. Ìgbì Ponta Preta gbé e lu àpáta. Lẹbẹ abẹ́ rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó yọ̀ lórí omi, yẹ̀, ilé tí lẹbẹ náà ń wọ̀ sí sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó kàn fọ́ díẹ̀ ni." Díẹ̀ yẹn ni mo ń ṣírò láti ọjọ́ náà.

Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ etíkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní gígun pátákó, jẹ́ 28 Èrèlé. Olùkọ́ méjì ni wọ́n fẹ́ gbà nínú àwọn ọmọ ìlú, owó oṣù 32,000. Kálukú ni yóò gbé pátákó tirẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá ní, kó jókòó sílé. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àbúrò mi Celestina kò yé pè láti Lisbon. Ó ti bá Ivone rí iṣẹ́, ìtọ́jú ìyá arúgbó kan. Físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ láti oṣù Bélú, yóò sì kú ní ìparí Ẹrẹ̀nà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ wa kò díjú. Bí pátákó yìí bá yè, ọmọ mi dúró. Bí kò bá yè, ó lọ. Bàbá rẹ̀ lọ sí Rotterdam nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Káàdì Kérésìmesì méjì ni mo rí gbà.

11 Ṣẹ́rẹ́
Afẹ́fẹ́ líle láti àárọ̀. Mo dojú pátákó dé orí àga méjì nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo fi ayùn kékeré gé ilé lẹbẹ tó fọ́ náà kúrò. Ó gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí n má gé kọjá ibi tó yẹ. Bí mo ṣe yọ ọ́ báyìí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti inú fóòmù. Kò ṣàn, ó kàn ń sun, kò sì dáwọ́ dúró. Mo fi garawa omi òkun méjì ṣan eruku inú ihò náà dànù, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ọkọ̀ tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, mo sì rù ú lọ sórí afárá èbúté sọ́dọ̀ Armindo ẹlẹ́ja, torí òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni kì í purọ́ púpọ̀.

"Ẹja wo lèyí, Zulmira? Kò lójú, kò nífun."
"Ìwọ sá ti wọ̀n ọ́n."
"Èmi kì í wọ̀n òkú ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Ife kọfí kan."
"Ìdajì ife."
"Ìdí tí o fi lówó nìyẹn."

Kílò 9.2. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé 7.5 ni. Mo yọ ilé lẹbẹ, gírámù 200, kúrò nínú ìyẹn: 7.3 ni mo ń wá. Kílò kan àti gírámù 900 omi ló wà níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù kì í di fóòmù tútù mú, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè ṣe títí yóò fi gbẹ.

16 Ṣẹ́rẹ́
8.9. Mo so ó rọ̀ sí àjà ṣẹ́ẹ̀dì, imú lókè, ihò nísàlẹ̀, abọ́ kan lábẹ́ rẹ̀.

Mo lẹ ọkọ̀ Djosa apẹja, ó san 1,500. Ó ní òun máa san 500 tó kù tí ẹja tuna bá dé. Tuna yẹn ti ń bọ̀ láti ọdún tó kọjá.

20 Ṣẹ́rẹ́
Mo lọ bá ará Ítálì tó ń tún pátákó ṣe lẹ́yìn ọgbà àwọn arìnrìn-àjò. Ó ní 25,000 ni, kí n sì gbé e wá lẹ́yìn Àjíǹde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Ó ní pátákó mẹ́rìnlá nílẹ̀ tí ó ń gbẹ. Ilé rẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Mo béèrè iye tí iná rẹ̀ ń jẹ lóṣù. Nígbà tí ó sọ ọ́, mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa.

24 Ṣẹ́rẹ́
8.5. Afẹ́fẹ́ dára, ìgbì ga bí ilé. Ivone lọ jókòó sórí àpáta Ponta Preta, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó padà wálé, ó jẹ kashúpa rẹ̀, àgbàdo òun ẹ̀wà. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Nelito ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà lórí ìgbì. Oṣù tó kọjá, èmi ni mo ń kọ́ ọ."

29 Ṣẹ́rẹ́
8.4. Ọjọ́ márùn-ún, gírámù 100 péré. Bó bá ń lọ báyìí, a ó dé 7.3 ní ìparí Ẹrẹ̀nà. Mo ṣe ìṣírò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí.

1 Èrèlé
Ìrì pọ̀ lóru, gbogbo ògiri tutù. 8.6.

Mo ní kí Armindo tún un wọ̀n. 8.6.

"Ẹja rẹ ń jẹun lóru, Zulmira."
"Òṣùwọ̀n rẹ ti bàjẹ́."
Ó gbé òkúta tó fi ń dán an wò lé e. Kílò kan géérégé. "Bá òkúta wí," ni ó sọ.

Mo délé, mo béèrè lọ́wọ́ Ivone bóyá ó da omi sí i.

"Kí ni mo fẹ́ fi da omi sí i, Màmá?"
"Bóyá Lisbon ló wù ọ́."

Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Tí Lisbon bá wù mí, ǹ bá ti wà níbẹ̀ láti oṣù Bélú," ó sì jáde. Kò wálé jẹun. Mo dé oúnjẹ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ fúnra mi láàárọ̀ kó má bàa ṣòfò.

4 Èrèlé
8.7. Celestina pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá yẹn kò lè máa dúró de èèyàn títí láé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni." Mo ní kó fún mi ní àyè títí ìparí oṣù. Ó ní, "Pátákó lẹ fẹ́ fi dí ọmọ lọ́wọ́?" Mo ní kò sí owó lórí fóònù mi mọ́. Òun ló pè.

6 Èrèlé
Ẹja mẹ́wàá ni mo sá sórí okùn lẹ́yìn ilé lánàá, mẹ́fà oníyọ̀, mẹ́rin tí kò níyọ̀ nítorí iyọ̀ tán lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrì, àwọn mẹ́rin yẹn gbẹ táútáú. Àwọn oníyọ̀ ń kán tótó sílẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì: pátákó rọ̀ lókè orí mi, òun náà ń kán.

Iyọ̀ ni. Omi òkun lọ, iyọ̀ rẹ̀ jókòó sínú fóòmù, gbogbo òru ló sì ń pe omi padà láti inú afẹ́fẹ́. Èmi tí mo ti ń fi iyọ̀ sẹ́ja láti ìgbà tí mo ti lè dá dúró. Èmi náà ni mo tún fi garawa omi òkun méjì kún un. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù yìí, ta ló ń fi omi mímu fọ ọkọ̀? Ènìyàn ni omi mímu wà fún, òkun sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti ṣòfò. Mo sọ ọ́ fún Ivone. Kò bú mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní, "Kẹ́ẹ̀gì mélòó la máa rà?"

7 Èrèlé
Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́sàn-án, 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, 540. Obìnrin tó ń ta omi béèrè bóyá a ń ṣe ìnáwó. Ivone ní, "A fẹ́ wẹ̀ fún ìyàwó." A dojú ihò náà sókè, a rọra ń dà á sí i, a ń dà á nù, a ń fi ahọ́n tọ́ ohun tó ń jáde wò. Ẹ̀kẹrin, iyọ̀. Ẹ̀kẹfà, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹjọ, èmi ní kò níyọ̀ mọ́, Ivone ní ó níyọ̀. Ẹ̀kẹsàn-án, àwa méjèèjì gbà. Ó ń rẹ́rìn-ín nítorí ẹnu mi ti bó. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

10.1 lórí òṣùwọ̀n. Armindo kò béèrè kọfí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

10 Èrèlé
9.4.

13 Èrèlé
Ọyẹ́ dé láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ojú ọ̀run pupa, eruku wà nínú búrẹ́dì, bàálù kò lè balẹ̀. Gbogbo Santa Maria ń wúkọ́, wọ́n ń ráhùn. Èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń gba àlejò. Irú afẹ́fẹ́ yìí lè gbẹ òkúta. A gbé pátákó jáde sínú rẹ̀, a yí i padà láàárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́.

16 Èrèlé
8.4. Eruku ṣì pọ̀.

19 Èrèlé
7.8. Armindo na òṣùwọ̀n sí mi kí n fi ojú ara mi rí i. "Ẹja rẹ ti ń gbààwẹ̀ báyìí." Mo ra kọfí odindi ife fún un, 50.

Mo gbàdúrà kí ọyẹ́ má lọ. Bí àlùfáà bá gbọ́ irú àdúrà yìí, yóò lé mi jáde: àwọn ọmọdé kún ilé ìwòsàn nítorí eruku.

21 Èrèlé
Ọyẹ́ lọ lóru. Ojú ọ̀run funfun, ó mọ́, kò wúlò fún mi.

22 Èrèlé
7.7. Bákan náà ni lánàá.

Gọ́ọ̀mù fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kó tó le dáadáa. Ọjọ́ kan fún aṣọ fáíbà orí rẹ̀ àti sáńpépà. Ọjọ́ kan fún Ivone láti dán an wò. Bí mo bá kà á láti ẹ̀yìn, ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn. Gírámù 400 omi ṣì wà nínú rẹ̀, ife kan àbọ̀. N kò mọ ibi tó wà. Ó lè wà níwájú, jìnnà sí ihò. Ó sì lè wà ní etí ihò gan-an.

Mo pe Ivone, mo fi nọ́ńbà hàn án.

"7.7."
"Mélòó ló yẹ kó jẹ́?"
"7.3."
"Tá a bá dúró ńkọ́?"
"Ìdánwò á ti kọjá."
Ó fi ọwọ́ pa pátákó náà bí ìgbà tí èèyàn ń pa ẹ̀yìn ẹṣin. "Ẹ lẹ̀ ẹ́, Màmá."
"Ó lè ya nínú omi."
"Tó bá wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó ti ya náà nìyẹn. Ẹ lẹ̀ ẹ́."

23 Èrèlé
Mo lẹ̀ ẹ́. Mo na òwú láti imú dé ìdí kí ilé lẹbẹ má bàa wọ́. Bí ó bá fi ìwọ̀n èékánná kan yẹ̀, pátákó á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jò. Mo wọ̀n gọ́ọ̀mù méjèèjì, n kò dà wọ́n pọ̀ ní ìfojúwọ̀n bí mo ti ń ṣe fún ọkọ̀. Mo tẹ ilé lẹbẹ náà wọlé, gọ́ọ̀mù yọ ní gbogbo etí rẹ̀ dọ́gbadọ́gba. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi gọ́ọ̀mù tó kù dí ihò abẹ́ bàtà mi, 0.

26 Èrèlé
Aṣọ fáíbà ti le. Mo fi sáńpépà pa á títí ọwọ́ kò fi mọ ibi tí ògbólógbòó parí sí àti ibi tí tuntun bẹ̀rẹ̀. Ivone ti lẹbẹ wọlé, ó dì í, ó mì í. Kò mì.

27 Èrèlé
Ó lò ó fún wákàtí kan ní iwájú ìlú, níbi tí omi kò ti ní ìgbì. Ó padà wá, ó yọ lẹbẹ, ó wo inú ilé rẹ̀: ó gbẹ. Kò sí ìlà kankan. A jẹ tuna, ìdajì kílò, 350. Mo ní kó sùn ní kùtù. Èmi kò sùn.

28 Èrèlé
Àwọn méje ni wọ́n wá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ilẹ̀ sí òkun, ìgbì dúró gírígírí kó tó wó. Armindo pa àtẹ rẹ̀ tì, ó ní ẹja lè ní sùúrù. A jókòó sórí àpáta.

Ìgbì àkọ́kọ́, Ivone sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó yí, ó gùn ún padà, ó tún yí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ìgbì kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ṣe é bí ẹni tí kò sí ewu nínú ayé. Armindo ní, "Ìwọ lo bí èyí?" Mo ní kó panu mọ́.

Ní ẹ̀kẹta, ó yí nísàlẹ̀ ìgbì, níbi tí gbogbo ẹrù máa ń bọ́ sórí lẹbẹ. Mo rí i tí ìdí pátákó yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ. Ìgbòkun ṣubú sínú omi. Ìgbì wó lé e lórí. Mo dìde, Armindo di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn. Orí rẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà pátákó. Ó gbìyànjú láti tún gùn ún, ṣùgbọ́n ó kàn ń yí po bí ewé. Ó lúwẹ̀ẹ́, ó sì tì í wá sí etíkun.

A dojú rẹ̀ dé. Ihò náà là bí ọjọ́ tí mo gé e. Ilé lẹbẹ rọ̀ mọ́ aṣọ fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹbẹ ṣì wà nínú rẹ̀, kò mì. Gọ́ọ̀mù mi kò sán níbì kankan. Fóòmù ni ó ya, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹran ara, omi sì ń kán láti inú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ti òkun ni àbí èyí tí mo rà.

Ọ̀gá náà wá. Ó fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, n kò lè sọ pé ó ṣe ìkà. "Ọmọ yín mọ̀ ọ́n gùn, ìyá. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n gùn bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí pátákó rẹ̀ túká lábẹ́ rẹ̀, báwo la ṣe máa fi ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́? Kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Wọ́n mú Nelito àti ọmọkùnrin kan láti Palmeira.

Lójú ọ̀nà, Ivone ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́."
"Èmi ni mo fi omi òkun ṣan án."
"Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì, Màmá. Ẹ ṣáà fẹ́ràn ìṣírò."

3 Ẹrẹ̀nà
Ivone fúnra rẹ̀ pe Celestina. Mo wà nídìí ààrò, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́, Celestina ní tíkẹ́ẹ̀tì ti wà, kí n má dààmú.

"Èló ni?"
"Ẹ̀bùn ni, ẹ̀gbọ́n mi."
"Èló ni, Celestina?"
"Yúrò 420. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
"Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

9 Ẹrẹ̀nà
Ẹ̀wù òtútù ògbólógbòó kan ní ọjà Espargos, 1,200. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 2,000. Apá rẹ̀ gùn jù, mo gé e.

15 Ẹrẹ̀nà
Afẹ́fẹ́ dára, ìgbì dára. Kò lọ wò ó. Ó jókòó tì mí nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó ń bá mi pa ọkọ̀ Djosa ní sáńpépà. Mo ní kó lọ sinmi. Ó ní, "Ta ló máa bá yín di ẹ̀gbẹ́ kejì mú tí mo bá lọ?" Mo na sáńpépà tuntun sí i.

19 Ẹrẹ̀nà
Pápákọ̀ òfurufú. Ó wọ ẹ̀wù òtútù náà nínú oòrùn nítorí kò sí àyè fún un nínú báàgì. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ máa jẹ oúnjẹ gbígbóná, ẹ má máa jẹ àjẹkù àná nìkan." Bọ́ọ̀sì lọ, àwa méjì, 200. Àbọ̀, èmi nìkan, 100.

22 Ẹrẹ̀nà
Ó ti dé ibẹ̀. Ó ní òtútù wà, pé ìyá náà ń pe òun ní orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú. Celestina gba fóònù, ó tún ń sọ pé n kò jẹ òun ní nǹkan kan, pé ẹbí ni wá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, a jẹ́ pé wọ́n mú ọmọ mi lọ. Bí mo bá san án, a jẹ́ pé èmi ni mo rán an. Ẹni tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ a máa padà wá jíṣẹ́.

Yúrò kan jẹ́ 110.265. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 420.

Owó ọwọ́ mi lónìí: 1,870.
Tíkẹ́ẹ̀tì Ivone, gbèsè Celestina: 46,311. N kò tíì san nǹkan kan nínú rẹ̀.